Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ẹ Má Ra Òkúta Ààfin Àwọn Ọba Khmer

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York tàbí lórí fóònù, ẹ dákun, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé orí òkúta, apá òkúta tàbí odindi ère wá bá yín, tó ní ilẹ̀ Cambodia ló ti wá, ẹ má fún un lówó. Àsansílẹ̀ pàápàá, ẹ má san án.

Ìdí tí mo fi ń pariwo kò jìnnà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìbọn tún dún ní ààlà Cambodia àti Thailand, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sá kúrò nílé. Agbègbè yẹn kún fún ahoro tí àwọn ọba Khmer, tó jọba ní Cambodia láyé àtijọ́, fi sílẹ̀. Bí ará abúlé bá sá, tí ẹ̀ṣọ́ bá sá, ta ni yóò ṣọ́ òkúta? A ti rí irú rẹ̀ rí. Láti 1970 tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ náà títí dé ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, òòlù àti ayùn àwọn olè kò sinmi nínú igbó. Ní ìparí 1998, àwọn sójà gan-an ló wó apá kan ògiri tẹ́ńpìlì Banteay Chhmar, tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o sọdá ààlà. Ọlọ́pàá Thailand gba òkúta 117 padà. Èyí tó ti kọjá kí ọlọ́pàá tó dé ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ìdí tí òkúta yìí fi ṣe pàtàkì. Láyé ìjọba Khmer, igi ni wọ́n fi ń kọ́ ilé tí ọba ń gbé. Òkúta jẹ́ ti òrìṣà. Ní ààfin Angkor Thom, olú-ìlú wọn àtijọ́, yàrá ọba, ti olorì àti ti ìjòyè ti jẹrà pátápátá. Ohun tó kù ni odi, adágún ìwẹ̀, òkìtì Phimeanakas tó ní ìpele mẹ́ta, àti pèpéle tí wọ́n gbẹ́ erin sí lára, tó gùn tó nǹkan bí mítà 350. Òkúta nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé ọba kan jókòó níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá gé e, ẹlẹ́rìí ló gé lórí.

Ẹ wo Koh Ker, tí ọba Jayavarman Kẹrin sọ di olú-ìlú, tó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 944. Nínú tẹ́ńpìlì kan níbẹ̀, Prasat Chen, ère jagunjagun méjì, Duryodhana àti Bhima, dojú kọ ara wọn, wọ́n fẹ́ wọ̀jà, àwọn ère mìíràn sì jókòó yí wọn ká, wọ́n ń wòran. Ní nǹkan bí 1972, àwọn olè ṣẹ́ wọn ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kù sórí ìpìlẹ̀, ìka rẹ̀ tẹ̀ mọ́ òkúta, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ rí págunpàgun. Ní 2011, Duryodhana yọ sí ọjà gbàǹjo Sotheby's ní New York. Wọ́n ní yóò pa mílíọ̀nù dọ́là 2 sí 3. Kò lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà ní Koh Ker ló tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ó sì di 2014 kí ère náà tó padà sílé.

Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Olè inú igbó kì í jẹ òkúta. Ẹni tó ń sanwó lókèèrè ló ń rán an níṣẹ́. Douglas Latchford, ọmọ Britain tó fi Bangkok ṣe ibùgbé, ni wọ́n kà sí àgbà onímọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà Khmer. Ní 2019, agbẹjọ́rò ìjọba ní New York fẹ̀sùn kàn án pé ayédèrú ìwé ló fi ń bo orísun àwọn ère tó ń tà. Ó kú ní 2020 kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, Metropolitan Museum ní New York kéde pé òun yóò dá ère 14 tó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ padà fún Cambodia.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìwé nìkan fọkàn yín balẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ère, ẹ wo ọrùn. Bí ojú ibi tó ti kán bá mọ́, tí kò ṣú bí ara yòókù, tàbí tí ipa ayùn bá wà níbẹ̀, ẹ sá. Bí wọ́n bá ní bàbá àgbà kan ló rà á ṣáájú 1970, ẹ béèrè fọ́tò àti rìsíìtì ìgbà náà. Òfin Cambodia ti 1996 kò gba kí ẹnikẹ́ni kó irú ère bẹ́ẹ̀ jáde láìgbàṣẹ, Amẹ́ríkà sì ti ń dá irú òkúta bẹ́ẹ̀ dúró ní ẹnu ibodè láti 1999. Bí ẹ bá rà á, ère yóò lọ, owó yóò lọ, ọlọ́pàá yóò sì máa bi yín léèrè.

Àwa tí olè wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Ifẹ̀ láwọn ọdún 1990, tí wọ́n kó orí àwọn baba ńlá wa lọ, báwo la ṣe fẹ́ fi orí baba ẹlòmíràn ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ fojú rí ahoro náà, ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀, pàápàá lápá ààlà. Bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tí ogun gbìn ṣì ń ṣọṣẹ́. Bí ẹ bá rí pátákó pupa tó ní àwòrán agbárí, ẹ padà. Bí ẹnìkan bá sì na èérún òkúta sí yín pé kí ẹ rà, ẹ má gbà á.

Bí ẹ bá rí ère tí ẹ fura sí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹni tó ń tà á kọ ránṣẹ́, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú ID-Art, áàpù ọ̀fẹ́ tí INTERPOL ṣe. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ̀ka tó ń rí sí jíjí iṣẹ́ ọnà, FBI ti Amẹ́ríkà náà ní tiwọn; ẹ fi tó wọn létí. Ẹ má bá ẹni náà jà, ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti fura, kó má baà gbé e sá kí wọ́n tó dé.