Kí sáà Ligue 2 tó bẹ̀rẹ̀: Níbo ni Koumassi yóò ti wo bọ́ọ̀lù ilé rẹ̀?

Bí sáà tuntun ṣe ń kanlẹ̀kùn ní Ligue 2, ìyẹn ìpele kejì bọ́ọ̀lù àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nílẹ̀ Côte d'Ivoire, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi ara wọn ni pé ẹgbẹ́ wo ló máa gòkè sí Ligue 1. Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ìyẹn: níbo ni wọn yóò ti gbá bọ́ọ̀lù náà, ta ni yóò sì ráyè lọ wò ó?

Ní Koumassi, lápá gúúsù Abidjan, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ní ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọdé á ti fi òkúta ṣe òpó góòlù lójú títì. Àwọn àgbà á ti kó ara wọn jọ láti gbá maracana, bọ́ọ̀lù oníwọ̀nba èèyàn tí òpó rẹ̀ kéré, tí àwọn ará Abidjan fẹ́ràn bí ojú. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó ń wo Premier League á kún inú maquis, níbi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu. Ọmọ tó ń ta omi tútù lè ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù Chelsea mọ́kànlá láìmí. Béèrè ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Ligue 2 kan yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má wò ọ́ tìyanu-tìyanu.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Koumassi ní pápá Inch'Allah, tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà. Ṣùgbọ́n tó bá di ti líìgì, pápá Robert Champroux ní Marcory àti Parc des Sports ní Treichville ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Abidjan máa ń fún ara wọn mọ́, nígbà mìíràn kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni pé Marcory kò jìnnà sí Koumassi, gbaka á gbé èèyàn débẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó ń bá ẹgbẹ́ márùn-ún pín ilé, kò tíì nílé. Bí wọ́n bá sì gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, ta ni yóò pa ìsọ̀ rẹ̀ dé ní ọjà Koumassi kó lè lọ wo ìpele kejì?

Ẹgbẹ́ tí kò nílé kò ní èrò. Níbi tí kò bá sí èrò, owó ìwọlé kò sí, oníṣòwò àdúgbò kò sì ní rí ìdí tó fi yẹ kó tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sára aṣọ ẹgbẹ́. Ohun tó wá kù fún ẹgbẹ́ láti tà ni ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn òbí, títí kan àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago ní Abidjan. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé kì í ṣe ohun àjèjì ní Èjìgbò. Ìyá tó bá ń rí ọmọ rẹ̀ lórí pápá àdúgbò yóò mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, yóò sì mọ ẹni tó ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wáyé níbi tí ojú ò tó, ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù, kó gba owó ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ òbí, kó sì pòórá. Òfin FIFA kò fàyè gba kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àyàfi láwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Owó yẹn lè gbé ẹgbẹ́ kékeré dìde. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ nígbà tó wà ní 14, kò ní rí nǹkan kan tọ́ka sí nígbà tó bá di 22.

Côte d'Ivoire kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí kò lè kọ́ pápá. Pápá mẹ́fà ní ìlú márùn-ún ni wọ́n lò fún ìdíje AFCON tó parí ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 ní Ebimpé, níbi tí àwọn Érin ti na Nàìjíríà ní 2-1. (Ọjọ́ yẹn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abidjan kò mọ èyí tí yóò ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín.) Ligue 2 kò nílò Ebimpé. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọgbà, yàrá ìmúra, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn àti àga fún ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti tó.

Ẹ wo gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọdún 2021 ni Remo Stars àti Shooting Stars jọ gòkè láti NNL, ìpele kejì níbẹ̀, padà sí NPFL. Remo Stars ní pápá tirẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì gba ife ẹ̀yẹ NPFL fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025. Kì í ṣe pápá nìkan ló gba ife náà fún wọn o, owó àti ètò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti Shooting Stars, ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà ní 1976 àti 1992, bó ṣe já wálẹ̀ tó náà, ará Ìbàdàn kò gbàgbé ọ̀nà Adamasingba.

Àwọn aláṣẹ lè sọ pé pápá àdúgbò lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ líìgì Nàìjíríà kò ní jiyàn, nítorí adájọ́ bọ́ọ̀lù ti jẹ ìyà lọ́wọ́ onílé níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọlọ́pàá àti ọgbà tó dára ni oògùn ìyẹn. Kíkó gbogbo ẹgbẹ́ lọ síbi tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n kì í ṣe ojútùú.

Ó yẹ kí FIF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni ní owó púpọ̀. Kí wọ́n yan òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Ligue 2 yóò lọ sí pápá àdúgbò tó bá yege àyẹ̀wò, kí Inch'Allah sì wà lára èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n má ṣe gba ẹgbẹ́ kankan wọlé láìrí àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lákọsílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Koumassi ti mọ ọjọ́ tí Chelsea àti Arsenal yóò pàdé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n lẹ ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ligue 2, tọjọ́ taago, mọ́ ara ògiri mairie Koumassi kí fèrè àkọ́kọ́ tó dún.