Àpérò kì í ṣe ìgbafẹ́: kí òbí tó fọwọ́ kan owó àjọ

Òbí púpọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ló ní ọmọ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ á dé, á ní: "Ìyá, wọ́n pè mí sí àpérò ní Yúróòpù." Inú gbogbo ilé á dùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá bi ara wọn pé ta ni yóò sanwó rẹ̀.

Àpérò kì í ṣe ìgbafẹ́. Ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé lè fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wádìí ohun kan ṣoṣo, bíi kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Nígbà mìíràn, ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe. Ní àpérò, yóò sọ ohun tó rí níwájú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, wọn á sì fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án kó tó pẹ́ jù. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń pàdé ẹni tí yóò fún un níṣẹ́ lọ́la. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko yìí ní ibodè. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024, owó físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ Faransé, Jámánì àti ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù, ti kúrò ní yúrò 80, ó ti di yúrò 90. Ní owó tiwa, ó lé ní 59,000 CFA. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2023 jẹ́ 52,000 CFA. Owó físà nìkan ti ju owó iṣẹ́ oṣù kan lọ, a kò sì tíì ka ti ọkọ̀ òfuurufú àti ti ibùsùn. Bí wọ́n bá kọ̀, wọn kì í dá owó náà padà. Owó àjọ ìyá tó ń ta gàrí ti lọ nìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣe àpérò àgbáyé lórí àrùn éèdì ní Montreal, ní Kánádà. Áfíríkà ni àrùn náà ti pọ̀ jù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n pè ni kò rí físà gbà.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Òfin físà Schengen fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má gba owó físà lọ́wọ́ olùwádìí tó ń lọ sí àpérò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, kí ọmọ mú ìwé ìpè àti ìwé yunifásítì rẹ̀ dání, kó sì béèrè kó tó sanwó. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé sílẹ̀ lè gba owó tirẹ̀. Kó tètè bẹ̀rẹ̀: a lè fi ìwé sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Ìdáhùn máa ń gba ọjọ́ 15, ó sì lè di 45. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè pe ẹjọ́ lé e lórí.

Oko tó wà nítòsí náà kò yẹ ní fífojú di. Láti ọdún 1979 ni CEDEAO ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ìlú rẹ̀ lè gbé ìlú mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Akẹ́kọ̀ọ́ Abomey-Calavi lè wọkọ̀ lọ sí Lọ́mẹ́ tàbí Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, Yorùbá ni yóò fi ra oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ka iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àpérò ńlá pàápàá lè wá sílé: ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ICLR, ọ̀kan lára àwọn àpérò tó lórúkọ jù lórí kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, wáyé ní Kigali, ní Rwanda. Irú èyí ló yẹ kí àwọn yunifásítì wa máa lé.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó àjọ, ẹ bi ọmọ yín léèrè: Ṣé ọ̀gá rẹ mọ àpérò yìí, àbí àwọn tó kàn ń gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni? Bí wọ́n bá ní àwọn yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣé kí o tó lọ ni wọn yóò fún ọ lówó, àbí ìgbà tí o bá dé? Ṣé o ti béèrè pé kí wọ́n má gba owó físà? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ gbàdúrà fún un, kó máa lọ.