Orúkọ àti Ẹ̀dà Ló Ṣáájú Iye Owó Hosting

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wẹ́bùsáìtì fún ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí òwò rẹ̀, ìbéèrè kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi oníṣẹ́: "Èló ni hosting lọ́dún?" Kò sẹ́ni tó máa bá a wí, nítorí owó ò sí níta. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn ń tètè jáde jù. Hosting ni àyè téèyàn yá fún wẹ́bùsáìtì láti máa gbé, irú èyí téèyàn bá sì yá ṣeé pààrọ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn lónìí, ó lè kó kúrò níbẹ̀ lọ́la. Ohun méjì ló ṣòro láti rí gbà padà bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni: orúkọ tí wẹ́bùsáìtì náà ń jẹ́, àti ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ dì mú ṣinṣin.

Wẹ́bùsáìtì kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Inú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ló wà. Iṣẹ́ sáfà ni pé kó wà ní títàn tọ̀sán-tòru, kó sì máa fi ojú-ewé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Tim Berners-Lee, tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní CERN lẹ́bàá ìlú Geneva, lẹ bébà kan mọ́ ara kọ̀ǹpútà NeXT tó fi ṣe sáfà àkọ́kọ́. Ó fi tàdáwà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ohun tí bébà yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni àwọn oníhosting òde òní ń gbowó lé lórí: iná tí kì í lọ, jẹnẹrétọ̀ tó dúró dè é, ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í jẹ́ kí sáfà gbóná jù, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó ju ẹyọ kan lọ, àti òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá ní Nàìjíríà kò ní béèrè ìdí tí a kò fi kúkú gbé sáfà sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wa.

Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì la lè gbà yá sáfà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni shared hosting, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wẹ́bùsáìtì ti lè máa pín sáfà kan ṣoṣo lò. Bí èrò bá ya lu ọ̀kan nínú wọn lójijì, àwọn yòókù lè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. VPS ló tẹ̀ lé e: wọ́n á fi sọ́fítíwíà pín sáfà kan sí ọ̀nà púpọ̀, wọ́n á sì ya ìwọ̀n agbára àti mẹ́mọ́rì kan sọ́tọ̀ fún oníkálukú. Dedicated ni kéèyàn dá yá odidi sáfà. Owó rẹ̀ ga, ẹni tó yá a ló sì sábà máa ń bójú tó o fúnra rẹ̀, àfi bó bá san owó kún un. Ẹ̀kẹrin ni cloud, níbi tí wọ́n ti so ọ̀pọ̀ sáfà pọ̀, tí oníbàárà sì ń san owó ìwọ̀n tó lò. Ilé-ìwé tí èrò ń ya bò lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde lè jàǹfààní cloud. Ṣọ́ọ̀ṣì tó kàn fẹ́ kí aráyé mọ àkókò ìsìn rẹ̀ kò nílò ju shared lọ.

Ìdí tí mo fi ní gbogbo èyí ṣeé pààrọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni orúkọ, ọ̀tọ̀ ni sáfà. Bí ènìyàn bá tẹ orúkọ wẹ́bùsáìtì sórí fóònù, fóònù náà kò mọ ibi tí sáfà wà. Ó ní láti kọ́kọ́ bi DNS, tó ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà sáfà. Oníṣòwò tó kó ìsọ̀ rẹ̀ láti Dùgbẹ̀ lọ sí Bódìjà n'Ìbàdàn kò pàdánù oníbàárà níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí orúkọ wà níkàáwọ́ rẹ̀ lè kó kúrò lọ́dọ̀ oníhosting tó ń ṣe báṣubàṣu, kó yí nọ́ńbà inú DNS padà, kí àwọn ènìyàn sì máa bá a níbi tuntun láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ ló fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ rà á, òun ni ìwé mọ̀. Bí ìjà bá dé, tàbí tó gbàgbé láti san owó ọdún, orúkọ lè lọ bẹ́ẹ̀. Tí .com tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá bá bọ́ sínú ọjọ́ 30 ìràpadà, owó tí wọ́n máa gbà sábà máa ń ga ju owó ọdún lọ dáadáa. Bí ìyẹn náà bá kọjá, kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni á fi lè rà á. NiRA ló ń bójú tó .ng ní tirẹ̀, ọwọ́ àwọn tó fún láṣẹ la sì ti ń rà á.

Ti ẹ̀dà wá ńkọ́? Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná ṣẹ́ yọ ní ọgbà sáfà iléeṣẹ́ oníhosting OVHcloud nílùú Strasbourg ní Faransé. Ilé alájà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní SBG2 jóná ráúráú, apá kan SBG1 sì bá a lọ. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n wẹ́bùsáìtì tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ ló dákẹ́. Iná yẹn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá dedicated ló yá tàbí èyí tó dínwó. Ohun tó ya oníbàárà kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà. Ẹni tó ní ẹ̀dà nílùú mìíràn rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ wà nínú ilé tó jóná náà wo eérú. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ ìṣòwò ní Lille pàṣẹ pé kí OVHcloud san owó gbà-má-bínú fún oníbàárà kan tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ilé tó jó náà. Owó lè wá láti ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó ti jóná kò lè tibẹ̀ wá.

Ẹnìkan lè sọ pé Facebook ò gba kọ́bọ̀, kí la tún ń wá hosting fún? Òótọ́ ni pé èrò wà níbẹ̀, ó sì dára kéèyàn polówó ọjà rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Ọ̀fẹ́ náà ni GeoCities, tí mílíọ̀nù ènìyàn kọ́ ojú-ewé wọn sí. Nígbà tí Yahoo tì í pa ní 2009, àwọn tí kò tọ́jú ẹ̀dà pàdánù iṣẹ́ ọdún pípẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì wọn sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí olówó lọ yá cloud, ìyẹn kì í ṣubú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àṣìṣe DNS ní ẹ̀ka cloud Amazon tó wà ní Virginia ní Amẹ́ríkà dá Snapchat àti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àwọn kan sì gbà pé Èkó nìkan ló yẹ ká ti yá sáfà. Ẹ̀rí tiwọn lágbára. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ létí Côte d'Ivoire ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó gbára lé sáfà òkè òkun dẹnu kọlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìsọfúnni lè ti Èkó dé Ìbàdàn láì fẹsẹ̀ kan òkun, bí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti pàdé ní IXPN, ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà. Mo fara mọ́ ọn fún ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà nílé. Síbẹ̀ iná lè jó l'Ékòó bó ṣe jó ní Strasbourg, ìlú tí sáfà wà kò sì sọ ẹni tó ni orúkọ.

Nítorí náà, kí ilé-ìwé àti ìjọ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orúkọ tiwọn ni a ó fi ra àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́bùsáìtì, pé ímeèlì tiwọn ni ìkìlọ̀ owó ọdún yóò máa wọ̀, àti pé ẹ̀dà kan yóò máa wọlé sọ́wọ́ wọn lóṣooṣù, níbi tí kò bá sáfà tan rárá. Kí wọ́n má san àṣẹ́kù owó iṣẹ́ títí tí páásíwọ̀ọ̀dù yóò fi wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á sì ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Oníṣẹ́ tó bá kọ ìyẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.