Ilé Onífèrèsé ti Hardwick

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ilé, ohun méjì ni í máa jà lọ́kàn rẹ̀: ìrọ̀rùn ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀, àti ojú tí àwọn tí ń kọjá lọ yóò fi wò ó. Ilé ńlá kan wà ní ìgbèríko Derbyshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi ìjà yìí hàn gbangba. Hardwick Hall ni orúkọ rẹ̀.

Obìnrin ni ó kọ́ ọ. Elizabeth, tí a mọ̀ sí Bess ti Hardwick, ní ọkọ mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìkẹrin wọn, Earl ti Shrewsbury, kú ní ọdún 1590. Ní ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1597 sì ni Bess kó wọ inú rẹ̀. Robert Smythson ni a gbà pé ó ya àwòrán rẹ̀. Owó gọbọi ni a fi ń ra dígí láyé ìgbà náà, síbẹ̀ fèrèsé ilé náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé dígí rẹ̀ ju ògiri rẹ̀ lọ. Lórí ilé ìṣọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó yọ sókè lára rẹ̀, a fi òkúta gbẹ́ lẹ́tà E àti S, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ obìnrin náà, Elizabeth Shrewsbury.

Àwọn kan a máa wí pé ìgbéraga lásán ni gbogbo èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n làákàyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé alájà mẹ́ta ni. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, fèrèsé ibẹ̀ kò sì ga. Àárín ni onílé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé, fèrèsé ibẹ̀ ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Òkè pátápátá ni a ti ń gba àlejò pàtàkì, níbẹ̀ sì ni fèrèsé ga jù lọ. Ẹni tí ó dúró lóde pàápàá lè mọ ohun tí ń lọ nínú ilé. Kí ògiri òde lè ṣí sílẹ̀ fún fèrèsé, a mú púpọ̀ nínú àwọn ihò èéfín gba inú ògiri àárín ilé. Ọgbọ́n nìyẹn, kì í ṣe àṣehàn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Àwọn fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí kò tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá kankan, nítorí ihò èéfín ni ó wà lẹ́yìn wọn. Kí ojú ilé lè dọ́gba ni a ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Dígí púpọ̀ kì í sì í dí òtútù lọ́nà. Ní ọdún 1592 Bess ra aṣọ ńláńlá 13 tí a hun àwòrán sí, èyí tí a fi bo ògiri gbọ̀ngàn òkè tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 50. Ẹwà wọn pọ̀, ṣùgbọ́n òtútù wà lára ìdí tí a fi ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé àwọn tí ń dáná, tí ń gbé oúnjẹ gun òkè, ni fèrèsé tí ó kúrú jù lọ kàn.

Láti ọdún 1959 ni ilé náà ti wà lọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ohun àtijọ́, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó. Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí wọn Hardwick, a ó rí i pé ibi tí òde rẹ̀ ti bá inú rẹ̀ mu ni ó ti lẹ́wà jù lọ. Ibi tí fèrèsé ti ń purọ́ ni ẹwà ti dín kù. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ya àwòrán ilé kọ́kọ́ béèrè ohun tí a ó fi yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe, kí ó tó béèrè bí yóò ti rí lójú àlejò. Fèrèsé kan tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé ìdáná sàn ju mẹ́wàá tí ń dán sí ojú ọ̀nà lọ.