Mìlímítà Mélòó? Ẹ Bi Mekáníìkì Yín

Èrò ni ẹ̀gbọ́n mi ń kó láti Apòmù lọ sí Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti inú. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù méjì, wáyà ti yọ. Níbi àláíńmẹ́ǹtì, wọ́n ní tẹ̀yìn ò ṣeé yí. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ tí ásù ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin kan gbọọrọ, bíi Golf 3, kì í sábà ní ibi tí wọ́n ti ń yí i.

Ló bá gbé e lọ bá mekáníìkì kan ní Ìkirè. Ìyẹn tú họ́ọ̀bù, ó ki wọ́ṣà méjì sí ìdí bóòtù, ó dè é padà, ó ní ó ti tọ́. Kò wọn nǹkan kan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n yẹn dáa o. Lókè òkun, wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ kan nípọn ju èkejì lọ fún iṣẹ́ yìí gan-an. Kò sí ohun tó ní ká má fọwọ́ ara wa ṣe tiwa. Àìwọ̀n ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní mìlímítà 100 ló wà láàárín bóòtù iwájú àti tẹ̀yìn. Wọ́ṣà mìlímítà 1 lábẹ́ ọ̀kan á yí táyà ní nǹkan bíi dìgírì 0.57. Ó kéré lójú, àbí? Ṣùgbọ́n nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á jọ pín nǹkan bíi mítà 10 tí wọ́n á fi máa ha ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́ṣà tó lè tún táyà ṣe náà ló lè bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo na okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà, ọ̀kan sí tòsì, mo rí i pé wọ́n bá ara wọn dọ́gba. Mo wá fi rúlà wọn àlàfo okùn sí iwájú rímù àti sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú rímù ọ̀tún fi mìlímítà 8 yọ síta ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ! A tú u: ẹ̀gbẹ́ òdì ni wọ́ṣà wà, ásù fúnra rẹ̀ sì ti tẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fà á: ṣé ásù ló tẹ̀, ṣé bọ́ọ̀ṣì ló jẹ? Bó bá wá di dandan láti ki nǹkan sí i, kó jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó kárí ojú họ́ọ̀bù, tí wọ́n fi fáìlì há gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe wọ́ṣà, torí wọ́ṣà kì í jẹ́ kí irin méjèèjì fara kanra. Bóòtù nìkan ni ìyà á jẹ. Nọ́ńbà orí bóòtù tuntun, bíi 8.8 tàbí 10.9, ò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti èyí tẹ́ ẹ tú.

Okùn méjì àti rúlà kan ò wọ́n ju ẹ̀mí èrò mẹ́rin lọ. Bí mekáníìkì bá tún sọ fún yín pé ó ti tọ́, ẹ bi í pé: mìlímítà mélòó?