Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Rí Òkúta Ìrántí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n a ò lè torí ìyẹn panu mọ́.

Ìgbàkígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣómólú tàbí Bárígà bá ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo àwọn ibi ìtàn ní Erékùṣù Èkó, fóònù wa á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Pásítọ̀, wọ́n ní wọ́n máa dé músíọ̀mù o. Ère ló kún ibẹ̀. Ọmọ mi ò ní í lọ." Ẹlòmíì á ní ẹ̀mí òkùnkùn máa tẹ̀lé ọmọ wálé. Báyìí ni ọmọ á ṣe jókòó sílé, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á gba orí afárá Third Mainland kọjá lọ.

Ìbéèrè wa rèé: ta ló kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ yìí? Kì í ṣe Bíbélì o!

Ẹ ṣí Jóṣúà orí kẹrin. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta 12 láti inú odò náà. Wọ́n tò ó jọ sí Gílígálì, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè béèrè ohun tí òkúta yẹn wà fún, kí bàbá wọn sì ní ìdáhùn lẹ́nu. Ṣé ẹ rí i? Excursion nìyẹn! Òkúta yẹn ò lágbára kankan. Ìrántí ni iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ tún wo Pọ́ọ̀lù ní Áténì, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Ó rìn yí ìlú ká, ó wo àwọn ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, débi pé ó ka àkọlé ara pẹpẹ kan. Ohun tó kà yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ẹ̀. Kò forí balẹ̀ fún ère, kò sì sá fún un. Dáníẹ́lì kọ́ ìwé àwọn ará Kálídéà, síbẹ̀ kò fi oúnjẹ ọba sọ ara ẹ̀ di aláìmọ́. Wíwò yàtọ̀ sí bíbọ.

Músíọ̀mù Oníkan yẹn, láti 1957 ló ti wà. Inú ẹ̀ náà ni mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí wà, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ẹ̀. Ọmọ tó bá fojú ara ẹ̀ rí i, ẹnikẹ́ni ò ní lè tàn án pé ìjọba ìbọn dùn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí èyí tó kàn wá gan-an. Bíbélì Yorùbá tí ẹ ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Àjàyí Crowther ló léwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ ẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó yìí, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ yìí ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Èkó ló kú sí, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Nígbà tí ìjọba fẹ́ lo ilẹ̀ ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀, wọ́n hú egungun ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Kàtídírà Church of Christ ní Marina.

Ìlú tí wọ́n ti kó o sọ́kọ̀ bí ẹrú ló tún ti gba ìsinmi bí bíṣọ́ọ̀bù. Ìwàásù wo la fẹ́ wàásù fún ọmọ Bárígà tó ju kó dúró síbẹ̀, kí olùkọ́ sọ ìtàn yìí fún un?

Ẹ̀yin ará Bárígà, CMS Grammar School tí ẹ ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, erékùṣù yẹn náà ló ti wá. Ní 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ibẹ̀ ni Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther. Ó di 1959 kó tó kó wá sí Bárígà. Ọmọ Macaulay yìí ni Herbert Macaulay tí òyìnbó jù sẹ́wọ̀n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ìgbà yẹn ti di Freedom Park báyìí. Ẹ ò rí i pé ìtàn àdúgbò tiwa gan-an la ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti mọ̀?

Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà títí di oṣù kejìlá ọdún 1991. TBS, tó jẹ́ Race Course nígbà náà, ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ nígbà òmìnira 1960. Àmọ́ ohun tí a ò bá fi han ọmọ, kò ní dáàbò bò ó tó bá dàgbà. Ilé àwọn Àgùdà ní Tinúbu, tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ìjọba ti kéde ẹ̀ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Mélòó nínú wa ló tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà rí?

Ẹ̀yin onílé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ẹ ń kó ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ń lá áìsìkiríìmù, ẹ ń pè é ní excursion. Ẹ sì ń bu iye tí bàbá tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ò ní. BRT tó ń lọ TBS ń dúró ní Fádéyì àti Onípaanu. Ẹ ṣe é ní owó pọ́ọ́kú, kí ọmọ tálákà náà lè lọ.

Ẹ̀yin òbí, tó bá jẹ́ ọ̀nà ló ń bà yín lẹ́rù, ìyẹn yé wa. Ẹ béèrè pé irú bọ́ọ̀sì wo ni, ta ni awakọ̀, olùkọ́ mélòó ló ń tẹ̀lé wọn. Ìbéèrè òbí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ìbẹ̀rù ọ̀nà ní ìṣípayá.

Ẹ gbàdúrà fún ọmọ yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ dì oúnjẹ fún un, ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá dé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé kí ló rí. Ibi tí ìmọ̀ yín bá mọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀ débẹ̀.

Odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Àwọn ọmọ wa ò ní gbẹ, lórúkọ Jésù. Tẹ́ ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ÀMÍN sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí òbí kan tó ti kọ lẹ́tà pé ọmọ òun ò lọ.