Ọkọ̀ Ojú Irin Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Nínú OpenTTD, eré kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó jáde ní 2004, tí wọ́n gbé ka orí Transport Tycoon Deluxe tí Chris Sawyer ṣe ní 1995, ẹni tó ń ṣeré kì í wa ọkọ̀ ojú irin. Àṣẹ ló ń kọ sílẹ̀ fún un: lọ síbi ìwakùsà èédú, dúró títí ẹrù yóò fi kún, gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ọkọ̀ yóò sì máa lọ, yóò máa bọ̀ fúnra rẹ̀.

"Dúró títí ẹrù yóò fi kún" ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Kì í ṣe àṣẹ òmùgọ̀ o. Bí ọkọ̀ bá ń dúró de ẹrù ní ibùdó, èédú tí yóò máa dé ibẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí èédú bá dínkù, ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò ní ṣí. Èkejì yóò tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta yóò dí ìkóríta, àwọn ọkọ̀ tí kò tilẹ̀ ru èédú rí yóò sì dúró gbagidi. Ìgbà náà ni èébú kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe? Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ni. Ẹni tó pàṣẹ ni kò ro ti ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó sì ń fẹ́ kí eré náà máa tú irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé dànù. Ẹ la ojú irin kejì sí ibùdó náà, ẹ fi iná adarí ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè yà síbi tó ṣófo. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀ ju èédú lọ.